Ìyá Ulé

Èmi kì í gbàgbé ọ̀rọ̀. Ẹ má bá mi sọ pé àgbà kì í bínú. Àgbà tó bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹnìkan ò tíì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú ẹgbẹ́ ẹ̀ ni. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ọdún kan ààbọ̀ ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ kan sínú, mò ń bọ́ ọ, mò ń fún un lómi mu, títí ó fi dàgbà. Ọ̀rọ̀ náà kò ju ẹyọ kan ṣoṣo lọ. Ulé ni.

Ní Adébáyọ̀, àdúgbò kan l'Ádó, lẹ́yìn àwọn ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí títì, ọkùnrin kan wà tó ṣiṣẹ́ akọ̀wé kóòtù títí ó fi fẹ̀yìn tì. Akọ̀wé la máa ń pè é. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ẹ̀ fẹ̀ dáadáa, àtẹ̀gùn mẹ́rin lèèyàn máa gùn kó tó débẹ̀, igi máńgòrò kan sì ṣíji bò ó. Ibẹ̀ ni àwa arúgbó bíi mẹ́fà máa ń kóra jọ sí láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, à ń ta ayò. Èmi nìkan lobìnrin àárín wọn. Tíṣà ni mí, ọdún márùndínlógójì ni mo fi kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, tí ọkọ mi kú, tí àwọn ọmọ sì ti tú ká, mo rí i pé bí mi ò bá wá ibi kan máa lọ, ògiri ni máa máa bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló kọ́ mi láyò ní Ìjan, ìlú wa, nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ìyá wa máa ń pariwo lé wa lórí pé ayò kì í ṣeré ọmọbìnrin, àmọ́ bó bá ti lọ sóko báyìí, ọpọ́n dé nìyẹn.

Ká sọ tòótọ́, ọ̀rọ̀ la máa ń ta níbẹ̀ ju ayò lọ. Akọ̀wé á ka ìwé ìròyìn sókè, kálukú á máa dá sí i. Iná tí wọ́n ti mú lọ láti àná. Iṣu tí kò ṣeé dúnàá dúrà mọ́. Àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe fún òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì, tí èèyàn á lọ tò sórí ìlà nínú oòrùn kí wọ́n lè mọ̀ pé kò tíì kú. Ọmọ tó lọ sí Kánádà tí kì í gbé fóònù mọ́. Ewé kan tí ẹnìkan rí lórí Wasáàpù pé ó ń wo ìtọ̀ ṣúgà, tí ẹlòmíì á ní, "Mu ún o, a óò kó jọ síbi ìsìnkú ẹ." Ẹni tó ń ta ayò ń ta á, àwọn tó ń wòran ń bú u pé ọ̀pẹ ni. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Ọ̀ta ibẹ̀, ẹni tó ń na gbogbo wa, ni ọkùnrin kan tí a ń pè ní Alájì. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni. Ó ti lé ní ogójì ọdún tó ti wà l'Ádó, símẹ́ǹtì ló ń tà kó tó fi ọjà náà lé àwọn ọmọ ẹ̀ lọ́wọ́. Àga kan wà lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà tó ní tìmùtìmù, tó sì kọjú sí ọ̀nà. Òun nìkan ló ń jókòó sí i, àwa tó kù wà lórí bẹ́ǹṣì. Ẹnu ẹ̀ mú. Kò sí ẹni tí kì í fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Bí ará Ìgbẹmọ bá sọ̀rọ̀, á sín in jẹ. Bí ará Ìkẹ́rẹ́ bá kí i, á ní kí wọ́n lọ pe ògbufọ̀ wá. Kí n má purọ́, èmi náà máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín, títí ó fi kàn mí.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, òjò ti rọ̀ dá. Akọ̀wé ń kà á sí wa létí nínú ìwé ìròyìn pé ìjì ti ṣí òrùlé ilé ẹ̀kọ́ kan, gbogbo wọn ń jiyàn lórí ta ló gba iṣẹ́ páànù burúkú yẹn. Èmi àti Alájì la wà nídìí ọpọ́n. Mi ò tíì na Alájì rí láyé mi. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, iyàn páànù ló gbà á lọ́kàn, kò ṣọ́ra, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ọmọ ẹ̀ ní méjì méjì, ní mẹ́ta mẹ́ta, títí gbogbo ọwọ́ ẹ̀ fi ṣófo. Ẹ ò lè mọ bí inú mi ṣe dùn tó. Mo fò sókè, èmi ìyá arúgbó, mo pàtẹ́wọ́, mo ní, "Mo kó o! Ẹ wá wò ó! Ulé kan ò kù sí i lọ́wọ́ mọ́! Gbogbo ulé ẹ̀ ló gbófo!"

Ṣé ẹ mọ̀ pé ilé ni a ń pe ihò tí ọmọ ayò ń wọ̀? Àwa ní Ìjan, ulé la ń pè é, bí a ṣe ń pe ilé tí à ń gbé náà ní ulé. Ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, wọ́n ti fi ẹ̀rín àti èébú fa "u" yẹn tu lẹ́nu mi. Mo kọ́ ahọ́n mi bí ẹni ń kọ́ ajá. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ lẹ́nu mi ní kíláàsì rí. Ṣùgbọ́n bí inú mi bá dùn jù, tàbí tí inú bá ń bí mi, tàbí tí àyà mi bá já, ahọ́n mi á sá padà sí Ìjan kí n tó mọ̀.

Alájì ò wo ọpọ́n. Ó gbé ọwọ́ lẹ́rán, ó ní, "Màdáámù, kí lẹ pè é?"

Mo fọwọ́ bo ẹnu.

"Ulé!" Ó yí sí àwọn yòókù. "Ẹ gbọ́ o! Tíṣà tó fi ọdún márùndínlógójì kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Yorùbá, ulé ló ń pe ilé! Háà, kò burú, mo gbà pé wọ́n nà mí lónìí. Ta ló nà mí? Ìyá Ulé ló nà mí!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n rín in títí igi máńgòrò fẹ́rẹ̀ẹ́ bá wọn rín in. Èyí tó dùn mí jù ni ti Akọ̀wé, ọmọ bíbí Adó, tó jẹ́ pé ulé lòun náà ń sọ nígbà tó bá ń bá ìyàwó ẹ̀ jà nínú ilé. Ó rẹ́rìn-ín débi pé awò ojú ẹ̀ já bọ́. Kò sẹ́ni tó rántí mọ́ pé ẹnìkan ti na Alájì. Ìgbà tí mo ti wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá tí mò ń lọ sílé ni èsì tó yẹ kí n fún un tó dé ẹnu mi: "Ṣebí inú ulé yìí náà lẹ ti ń jẹyán láti ogójì ọdún, Alájì, kí ló dé tẹ́ ò tíì padà sí ilé yín?" Mo sọ ọ́ sókè. Awakọ̀ bojú wẹ̀yìn, ó ní, "Ìyá, èmi lẹ̀ ń bá wí ni?"

Bó bá parí síbẹ̀ ni, ǹ bá ti gbàgbé. Ṣùgbọ́n orúkọ burúkú lẹ́sẹ̀ ju ẹṣin lọ. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, obìnrin tó ń din àkàrà ní oríta ti ń kí mi ní Ìyá Ulé. Mẹkáníìkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ gbà á lẹ́nu ẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ìjọsìn, ọkùnrin kan tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ́ ní A B D, tó ti wá di ẹni ńlá nínú ìjọ báyìí, na ọwọ́ sí mi níwájú gbogbo ẹgbẹ́ àwọn ìyá, ó ní, "Ẹ kú ìjọsìn o, Ìyá Ulé!" Kò mọ nǹkan kan, ó rò pé oríkì mi ni. Mo rẹ́rìn-ín sí i. Nígbà tí mo délé, mi ò lè jẹun. Mo kúnlẹ̀ pé kí n gbàdúrà. Mo mọ àdúrà tó yẹ kí n gbà. Èyí tí mo gbà ni pé, "Olúwa, ọjọ́ kan péré. Fún mi ní ọjọ́ kan péré lórí ọkùnrin yìí."

Mi ò fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ sílẹ̀ o. Bí mo bá fi í sílẹ̀, ó ti borí nìyẹn. Mò ń lọ, mò ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mò ń dá sí ọ̀rọ̀ ìwé ìròyìn. Bí wọ́n bá ní Ìyá Ulé, mo dáhùn. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, mò ń wọkọ̀ lọ sí Ìjan lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, mò ń kọ́ ayò lákọ̀tun. Ẹ̀gbọ́n mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n orí ẹ̀ pé. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kó ọmọ jọ sójú kan, tí wọn ò ní fọwọ́ kàn án, títí yóò fi tó nǹkan. Lọ́jọ́ kan, ó ti ọpọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, "Àbúrò mi, mo rí àṣìṣe rẹ. Ọmọ ayò lò ń wò. Ojú ẹni tó ń ta á ni kó o máa wò."

Nígbà tí mo padà sí Adébáyọ̀, ojú Alájì ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wò.

Ọyẹ́ ń kásẹ̀ nílẹ̀ nígbà náà. Ohun àkọ́kọ́ tí mo rí ni pé Alájì kì í wo ọpọ́n mọ́. Ojú ẹ̀ á gba orí ọpọ́n kọjá, á lọ dúró sí èjìká ẹni tó jókòó kọjú sí i. Ìka ẹ̀ ló ń kó sínú ilé kọ̀ọ̀kan, tó fi ń ka ọmọ. Nígbà tí ẹnìkan bi í pé kí ló ń ṣe, ó ní, "Mò ń kí àwọn ọmọ mi ni," gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín. Mi ò rẹ́rìn-ín. Mo tún rí i pé bí èèyàn bá gun àtẹ̀gùn wá, á dúró kí onítọ̀hún kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ kó tó pè é lórúkọ. Bó bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀, á kọ́kọ́ fi bàtà wá àtẹ̀gùn. Lọ́jọ́ kan, Akọ̀wé gbé fóònù sí i lójú, ó fi àwòrán ọmọ ọmọ ẹ̀ tuntun hàn án. Alájì ní, "Mà-ṣà-Álláà! Ọmọkùnrin tó lágbára!" Obìnrin ni ọmọ náà, yẹtí wà létí ẹ̀ méjèèjì. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ẹ̀fẹ̀ Alájì ò lè tán.

Èmi mọ̀. Kò sí tíṣà tí kò ní mọ̀. Ọdọọdún ni mo máa ń ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì mi, ọmọ tí kò rí pátákó ìkọ̀wé, tí ojú sì ń tì í láti sọ. Á máa ṣe ẹ̀fẹ̀. Á máa tẹ́tí sí ohun tí ẹni ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ń kà, á sì sọ ọ́ jáde bí ẹni pé òun ló kà á. Bí mo bá ti rí irú wọn, mi ò ní sọ nǹkan kan, ńṣe ni màá kàn gbé àga onítọ̀hún wá síwájú.

Ojú Alájì ń lọ. Kí ni mo wá ṣe? Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí: inú mi dùn. Inú mi dùn débi pé mo ra àkàrà lọ́wọ́ obìnrin oríta yẹn, mo sì ní kó mú ṣéńjì.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, mo ní, "Ẹ̀yin ará, ayò wa ti ń bàjẹ́ o. Àwọn kan ń fọwọ́ ka ọmọ bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Ní Ìjan tiwa, ọwọ́ tó bá kan ilé ló ta ilé. Bó o bá ti fọwọ́ kàn án, ibẹ̀ lo máa ta, ibi yòówù kó já sí."

Akọ̀wé ní òfin gidi nìyẹn, bàbá òun náà kì í gbà kí wọ́n fọwọ́ ka ọmọ. Àwọn yòókù gbà. Alájì ń fọwọ́ pa etí ọpọ́n. Mò ń wo ojú ẹ̀. Bó bá sọ pé òun ò gbà, wọ́n á bi í pé kí ló dé.

"Kò burú," ló sọ nígbẹ̀yìn.

"Ó yá, kí èmi àti ẹ̀yin fi bẹ̀rẹ̀," mo ní. "Ọpọ́n mẹ́ta. Bẹ́ ẹ bá nà mí, mi ò ní gun àtẹ̀gùn yìí mọ́ láyé. Bí mo bá nà yín, ẹ máa dìde dúró níwájú gbogbo èèyàn, ẹ máa ní, ulé ni."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìyẹn náà ni? Màdáámù, ẹ ò tíì gbàgbé?"

"Mo ti gbàgbé tipẹ́," mo ní.

Ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e la fi í sí. Obìnrin alákàrà fi iná sílẹ̀ wá wòran, mẹkáníìkì wá pẹ̀lú ọwọ́ tó kún fún gíríìsì. Akọ̀wé ká ìwé ìròyìn ẹ̀ sápò, ó ní ìròyìn òní lè dúró. Alájì jókòó sínú àga onítìmùtìmù, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún méjèèjì, ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ọpọ́n kìíní, ó nà mí. Ó nà mí nínà tó dùn ún wò, kò fọwọ́ kan ohun tí kò fẹ́ ta. Mo ní, àbí ojú mi ló ń tàn mí ni? Àbí ọkùnrin yìí ríran ju gbogbo wa lọ? Mo ti ń ronú bí mo ṣe máa sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn yẹn fún ìgbà ìkẹyìn. Nígbà náà ni mo rántí ẹ̀gbọ́n mi, mo gbójú sókè wo ojú Alájì. Ojú ẹ̀ ò sí lára ọpọ́n rárá. Etí ẹ̀ ló kọ sí i. Bí mo bá ti ń ju ọmọ sílẹ̀, kó, kó, kó, ó ń gbọ́ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, ó sì ń tò ó sórí. Etí ni ọkùnrin náà fi ń ta ayò.

Nígbà tó kan ọpọ́n kejì, mi ò jẹ́ kí ọmọ kankan dún mọ́. Mo rọra ń kó o, mo rọra ń fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sílẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀ ilé, bí ẹni ń kó ẹyin adìẹ. Alájì gbé orí sókè. Ó dúró. Ó tún tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

"Màdáámù," ó ní, ohùn ẹ̀ rẹlẹ̀, "ẹ jẹ́ kó dún."

"Kí ló máa dún?"

"Ọmọ. Ẹ jẹ́ kó máa dún díẹ̀."

Mo kọjú sí Akọ̀wé. "Akọ̀wé, ó wà nínú òfin pé ayò gbọ́dọ̀ dún?"

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín. "Kóòtù ò mọ irú òfin bẹ́ẹ̀," ó ní.

Mo jẹ ọpọ́n kejì. Ẹ̀kẹta la wá fi máa parí ẹ̀. Alájì ta lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ta lẹ́ẹ̀mẹ́rin, mo sì mọ̀ pé ìmọ̀ orí ló ń ná. Lẹ́yìn ìyẹn, ó na ọwọ́, ìka ẹ̀ sì wọ ilé tó ṣófo. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Alájì ẹlẹ́fẹ̀!" Ó fa ọwọ́ sẹ́yìn, ó ní òun ń ṣeré ni. Ó tún nà án, ó tún bọ́ sínú òfo. Ẹ̀rín náà dín kù. Lẹ́ẹ̀kẹta, ọwọ́ ẹ̀ bọ́ sórí igi ọpọ́n, kò bọ́ sínú ilé rárá, kò sì sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Mo rí òógùn tó ń ṣàn wálẹ̀ létí ẹ̀. Nígbà tó wá kàn mí, ọmọ mẹ́rin ni mo kó sọ́wọ́. Bí mo bá jẹ́ kí ẹyọ kan dún, ẹyọ kan péré, ì bá mọ ibi tó wà. Mi ò jẹ́ kó dún. Mo fi í sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, mo sì nà án.

Ó pẹ́ kó tó dìde. Ó di apá àga mú, ó nà ró.

"Wọ́n ní kí n pè é ní ulé," ó ní. "Ulé ni."

Kò sín in jẹ. Ó pè é bí wọ́n ṣe ń pè é ní Ìjan gan-an, bíi pé inú ẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Mo ti ń dúró de ọ̀rọ̀ yẹn fún ọdún kan ààbọ̀. Mo ti rò pé màá pàtẹ́wọ́ tó bá jáde.

Ó wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnìkan fà mí lọ́wọ́ sọ̀kalẹ̀. Ojú mi ti lọ, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ti ń lọ láti ọdún tó kọjá. Mi ò sọ ọ́ nítorí mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ yé máa bá mi ta ayò ni."

Obìnrin alákàrà kígbe "Yéè!", ó gbé ọwọ́ lórí. Akọ̀wé sáré dì í mú. Àtẹ̀gùn mẹ́rin yẹn, wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó sọ̀ ọ́ tán. Èmi jókòó sídìí ọpọ́n. Nígbà tí Akọ̀wé padà wá, ó yọ awò ojú ẹ̀, ó ń fi etí ṣẹ́ẹ̀tì nù ún, ó ní, "Màdáámù, ẹ ò mọ̀, àbí?"

"Ta ló fẹ́ sọ fún mi?" mo ní.

Ó ní lóòótọ́ ni, ta ló fẹ́ sọ fún mi.

Báyìí ni mo ṣe di ẹni tó ń jókòó sínú àga onítìmùtìmù. Kò sẹ́ni tó ń pè mí ní Ìyá Ulé mọ́, kódà obìnrin alákàrà ti padà sí "Màdáámù". Alájì ò wá mọ́. Wọ́n ní dókítà sọ pé ó ti pẹ́ jù kó tó wá rí àwọn. Akọ̀wé ṣì ń ka ìwé ìròyìn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń bá a jiyàn. Á ka tán, a óò ní "Ó ga o," a óò sì dákẹ́. Àwọn kan ò wá lójoojúmọ́ mọ́. Mò ń na àwọn tó kù. Àwọn kan máa sọ pé mo kábàámọ̀. Rárá o. Ẹ̀san dùn, ẹni tó ní kò dùn, kò tíì jẹ ẹ́ rí. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ó lọ fọ́ lójú mọ́ mi lọ́wọ́, kò jẹ́ kí n gbádùn ẹ̀ tó bó ṣe yẹ. Bí mo ṣe ń sọ fún ara mi nìyẹn.

Lẹ́yìn oṣù bíi méjì, mò ń bọ̀ láti ọjà lọ́sàn-án gangan, ìrẹsì Ìgbẹmọ wà nínú báàgì lọ́wọ́ mi. Ní oríta Adébáyọ̀, mo rí Alájì. Ó dá dúró sí etí títì pẹ̀lú ọ̀pá, ó fẹ́ sọdá. Ọkọ̀ ń já lu ọkọ̀, àwọn ọlọ́kadà ń gba ibi tó bá wù wọ́n kọjá. Bó bá gbé ẹsẹ̀ kan, á tún fà á padà. Àwọn èèyàn ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Èmi náà kọjá. Mo rìn tó ìwọ̀n ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta. Mo wá ń gbọ́ ọ̀pá yẹn lẹ́yìn mi, kó, kó, lára símẹ́ǹtì etí gọ́tà.

Mo padà. Mi ò kí i. Bí mo bá la ẹnu, á mọ̀ mí, ohùn mi ò sì ṣeé fi pa mọ́. Mo kàn rọra di ọwọ́ ẹ̀ mú, mo na ọwọ́ kejì sí àwọn ọkọ̀, báàgì ìrẹsì ń mì lọ́wọ́ mi, a sì sọdá.

"Ẹ ṣeun," ó ní. "Ọlọ́run á fún yín lẹ́ni tó máa di ọwọ́ yín mú."

A dé òdìkejì. Mo fẹ́ fi ọwọ́ ẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi tèmi sílẹ̀.

"Níbo lẹ̀ ń lọ gan-an?" ó bi mí.

Mo pinnu pé ilé ni màá sọ. Mo to ẹnu mi fún un, bí mo ṣe máa ń to ẹnu ọmọ kíláàsì kìíní. Ṣùgbọ́n àyà mi ti já.

"Ulé," mo ní.

Mo rò pé á já ọwọ́ ẹ̀ gbà, tàbí kó bú mi, tàbí kó rẹ́rìn-ín. Ì bá tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó kàn mi orí.

"Mo ti mọ̀ kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀, Màdáámù," ó ní. "Ní gbogbo Adó yìí, ẹ̀yin nìkan lọwọ́ yín kì í dún."

Ó fi ọwọ́ mi sílẹ̀, ó fi ọ̀pá wá etí gọ́tà, ó sì ń lọ. Mo dúró síbẹ̀ títí ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ kan fi wá dúró níwájú mi, ó ní, "Ìyá, ibo?" Mo wọnú kẹ̀kẹ́, mo gbé ìrẹsì lé itan. Mi ò pè é ní ilé, mi ò pè é ní ulé, ọwọ́ ni mo fi júwe ọ̀nà fún un.